Ìtànṣán Ọ̀sángangan

Orí ni Wilberth kọ́kọ́ rí. Orí obìnrin ló ṣàdédé yọ láti inú ilẹ̀, omi ń kán tótó lára irun rẹ̀. Èjìká tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà odindi ọmọge dúró lórí àpáta, aṣọ funfun olódòdó rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára.

“Ènìyàn ni àbí ẹ̀mí?” Wilberth ti fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn.

“Bí mo bá jẹ́ ẹ̀mí, ṣé mà á sọ fún ọ ni?” Ọmọge náà ń fún omi kúrò nínú irun. “O ò rí i pé a ti ti géètì ni? Kì í ṣe àsìkò àlejò nìyí.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Èmi kì í ṣe àlejò. Tí o bá sì sọ fún bàbá mi pé o rí mi, mà á ní irọ́ lo ń pa.”

Landy ni orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Don Gualberto Tun, ló ń ṣọ́ ihò omi tó wà lábẹ́ àpáta yìí, bí bàbá tirẹ̀ ti ṣọ́ ọ. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń ṣí i fún àwọn tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Bí ọ̀sán bá pọ́n, á ti géètì, á lọ sùn nínú àwọ̀n tó so kọ́ bí ibùsùn sí ìyẹ̀wù. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé ọ̀sángangan ni àwọn atẹ́gùn inú omi, ìyẹn àwọn ẹ̀mí tó ń gbé ibẹ̀, máa ń jáde wá mí, ẹni tí wọ́n bá sì bá lọ́nà, ara rẹ̀ ni wọn yóò wọ̀.

Wilberth Poot ní tirẹ̀, ọmọ ìlú Valladolid, awakọ̀ ni. Àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀ kì í yéé béèrè ìgbà tó dára jù láti wá wẹ̀ ní irú ihò bẹ́ẹ̀, kò sì mọ èsì. Ìdí tó fi wá wo ibẹ̀ fúnra rẹ̀ nìyẹn.

“Ìgbà wo ló dára jù láti wá?” ó béèrè.

“Ohun tí o bá fẹ́ rí ló máa sọ.”

“Ohun tó rẹwà jù ni mo fẹ́ rí.”

“O ti rí mi, máa lọ ilé,” ni Landy wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Àbí ẹ rò pé ó lọ? Ó lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó padà wá ní kùtùkùtù, Landy sì fi ẹyẹ toh hàn án, bí wọ́n ṣe ń jáde láti inú ihò ògiri tí wọ́n ń ju ìrù gígùn wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó tún wá ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí alápàńdẹ̀dẹ̀ ń já wọ inú ihò bí òjò. Landy sọ fún un pé òjò máa ń rú omi náà, pé ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ló mọ́ jù. Ta ló ń rin irú ọ̀nà yẹn nítorí ẹyẹ? Ìfẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà, àwọn méjèèjì sì mọ̀.

“Ẹyinjú mi, ọ̀sán nìkan ló kù tí mi ò tíì rí,” ni Wilberth wí.

“Wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí Bàbá gbọ́ ìró ọkọ̀ rẹ.”

Ó gbé ọkọ̀ sí ọ̀nà jíjìn, ó sì sáré wá nínú oòrùn. Òógùn bò ó. Ọmọ abúlé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ jókòó ní ibòji kí ara tutù, ṣùgbọ́n ọmọ ìgboro ni Wilberth. Ó bẹ́ gììrì sínú omi tútù. Kí ojú rẹ̀ tó rí nǹkan kan, eyín rẹ̀ ti ń lu ara wọn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọ iṣẹ́. Landy ló wọ́ ọ jáde, igbe rẹ̀ ló sì jí bàbá.

“Omi ti kọ̀ ọ́,” ni Don Gualberto wí. Ó da aṣọ bo ọmọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le. “Ṣé ẹ rò pé mi ò rí yín látọjọ́ yìí ni? Ẹni tí omi bá kọ̀, mi ò lè fi ọmọ mi fún un. Bí ara rẹ bá yá, má fẹsẹ̀ tẹ ibí mọ́.”

Landy sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ìfẹ́ Wilberth dùn ún dé egungun. Nígbà tó ṣe, ó lọ bá bàbá rẹ̀.

“Bàbá, àlejò tó bá fi òógùn dé, kí lẹ máa ń sọ fún un?”

“Kó jókòó sábẹ́ igi kí ara rẹ̀ tutù.”

“Ta ló sọ fún Wilberth?”

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọ̀n rẹ̀.

“Èmi ni mo pè é, èmi náà ni mo gbàgbé. Kì í ṣe atẹ́gùn ló mú un. Láti kékeré ni mo ti ń wọ ibẹ̀ ní ọ̀sángangan, Bàbá, èmi náà rèé.”

Ìbínú bàbá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi jẹun ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó sùn. Nígbà tó yá, ó béèrè pẹ̀lú ohùn kékeré bíi ti ọmọdé:

“Kí ló wà níbẹ̀ nígbà yẹn?”

“Ẹ̀yin lẹ ń ṣọ́ ọ. Ẹ wá wò ó.”

Kò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Lọ́jọ́ kejì, ó po àgbàdo mọ́ omi sínú igbá, ó gbé e kọ́ sí ẹnu ihò, ó sì tọrọ àyè: “Onílé omi, a ò wá jà. Ojú wa ló ń wá nǹkan.” Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Oòrùn dé àárín ọ̀run. Ìtànṣán kan ṣoṣo gba ẹnu ihò wọlé, ó la omi já dé ìsàlẹ̀, gbogbo inú ihò sì mọ́lẹ̀ tòò. Gbòǹgbò igi, òkúta funfun, ẹja tín-tìn-tín, kò sí èyí tó fara pamọ́. Don Gualberto ṣí fìlà. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

“Ilé tí mo ti ń ṣọ́ látọjọ́ yìí,” ó wí, “mi ò tíì wọ yàrá tó dára jù nínú rẹ̀.” Ó wo ọmọ rẹ̀. “Ọmọkùnrin yẹn, ṣé ó rí èyí?”

“Kò rí i, Bàbá. Òtútù ò jẹ́.”

“Ìyà ńlá jẹ ẹ́. Sọ fún un kó mú àwọn òbí rẹ̀ wá.”

Wọ́n wá ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé búrẹ́dì àti ṣokoléètì gbígbóná dání, bí a ti ń ṣe é níbi ìtọrọ ìyàwó. Wilberth jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Bí bàbá ìyàwó kò bá fọwọ́ kan búrẹ́dì náà, ọ̀rọ̀ ti parí. Don Gualberto wò ó pẹ́. Níkẹyìn ó bù ú, ó tì í bọ ṣokoléètì, ó sì jẹ ẹ́.

Inú Doña Eusebia, ìyá Wilberth, dùn. “Ó ku ká mú àkókò ìgbéyàwó. Òwúrọ̀ ló dáa, àbí?”

“Rárá o. Kí òjò tó dé ni, ní ọ̀sángangan, lẹ́nu ihò,” ni Don Gualberto wí.

“Ọ̀sángangan? Pẹ̀lú àwọn atẹ́gùn?”

“A ó fún àwọn náà ní tiwọn mu.” Bàbá na ìka sí Wilberth lẹ́bàá ilẹ̀kùn. “Ṣùgbọ́n kí ọkọ ìyàwó tètè dé o, kó kọ́kọ́ jókòó sábẹ́ igi.”