Àtàǹpàkò Inú Ọ̀dà

Bàtà ni obìnrin tí mo fẹ́ràn fi gbọ́n omi nínú ọkọ̀ mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i.

Òjò ká wa mọ́ àárín odò, omi ń wọlé, àwọn èrò yòókù ń ké pe Ọlọ́run. Òun nìkan ló bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, tó ń fi gbọ́n omi dànù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa tu ọkọ̀ yín," ó ní. "Ẹ má wo ojú mi. Ojú mi kọ́ ni èbúté."

Mo rẹ́rìn-ín títí a fi gúnlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní Agbọ́nmi. Nígbà tó mọ̀ mí tán, ó sọ èmi náà ní Oníkùnsínú. Kò purọ́ mọ́ mi.

Mo ń kan ọkọ̀ ojú omi, mo sì ń fi gbé èrò. Oṣù mẹ́jọ ni ìfẹ́ wa fi dùn bí oyin. Ọjọ́ tó mú mi lọ sílé wọn ni mo tó mọ ọmọ ẹni tó jẹ́.

Bàbá rẹ̀ ni Tíṣà Àgbà, tó kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin. Ní ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn, ó fi ìka kan orí mi kókókó lójú ọmọ mẹ́rìnlélógójì, ó ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Pákó ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín. N kò padà sí ilé ìwé mọ́. Mo lọ bá àbúrò bàbá mi níbi tó ti ń kan ọkọ̀. Ó ní pákó ni mí, mo sì lọ bá pákó.

Ní báyìí ó ti fẹ̀yìn tì, òun ló sì ń ṣe olórí mùsíọ́mù etí odò. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ nínú yàrá àlejò rẹ̀.

"Ẹni tí kò ka ìwé mẹ́fà tán," ó ní. "Kí ni ìwọ àti ọmọ mi yóò jọ máa sọ? Iye ìṣó?"

Ìyá mi ní kí n gbàgbé. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ bí mi. Ẹ mọ̀ pé n kì í gbàgbé."

Ní oṣù tó tẹ̀lé e, mo wọ mùsíọ́mù náà lọ, kí n lè rí ohun tó ń torí rẹ̀ gbéra ga. Láàárín gbọ̀ngàn ni mo ti rí ọkọ̀ kan tó dúdú bí èédú. Mo fi ìka tọ ìwé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: Ọkọ̀ àwọn baba ńlá. Ọgọ́fà ọdún.

Ọkọ̀ mi ni. Apẹja kan ni mo kàn án fún ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Iná ni mo máa ń fi yan ara ọkọ̀ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, òun ló sì ń mú un dúdú. Tíṣà rí i dúdú, ó pè é ní arúgbó. Ká ní ó bi ẹnì kan péré tó ń kan ọkọ̀, ì bá ti mọ̀. Ṣùgbọ́n irú wa kọ́ ló ń bi ní ọ̀rọ̀.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbé e mì, mo ń dúró de ọjọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ náà sì pé. Tíṣà ti rí ọkọ tó wù ú fún Agbọ́nmi, dókítà eyín kan láti ìlú mìíràn. Dókítà àti ìyá rẹ̀ wá wo ìlú ní ọjọ́ Sátidé kan, Tíṣà sì kó àwọn àti Agbọ́nmi wá sí èbúté. Èmi ni ó kàn láti gbé èrò.

"Kò sí ẹlòmíràn ni?" ó bi akọ̀wé èbúté.

"Bàbá, bí ẹ kò bá wọ tirẹ̀, ẹ lúwẹ̀ẹ́."

Wọ́n wọlé. Mo gbé wọn kọjá lábẹ́ afárá onírin. Mo gbé wọn dé ẹsẹ̀ ilé gogoro aláago, níbi tí dókítà ti ya fọ́tò mọ́kànlá kí ó tó ya èyí tí orí ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Eyín gbogbo ènìyàn ló kàn ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní fún mi, "eyín yín kan ń fẹ́ àtúnṣe lẹ́yìn yẹn."

"Ẹ fi í sílẹ̀. Mo ń tọ́jú rẹ̀ de ẹnì kan."

Agbọ́nmi yíjú sí odò, kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

Ní ọ̀sán, wọ́n sọ̀ sí ilé oúnjẹ kan létí omi, níbi tí òórùn ẹja yíyan àti búrẹ́dì gbígbóná ti gba gbogbo afẹ́fẹ́.

"Awakọ̀, dúró ti ọkọ̀ rẹ," Tíṣà ní. "A ó fi nǹkan ránṣẹ́ sí ọ."

Orí ẹja ló fi ránṣẹ́. Agbọ́nmi fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, pẹ̀lú àwo tirẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó kó ẹja tirẹ̀ sínú àwo mi, ó sì mú orí náà.

"Àyànfẹ́ mi, ojú rẹ yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Kí lo fẹ́ ṣe?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Bí mo bá fẹ́ kan ọkọ̀ tán, mo máa ń fi ọ̀dà dí ojú pákó ìkẹyìn lábẹ́ ìjókòó iwájú, n ó sì tẹ àtàǹpàkò òsì mi sínú ọ̀dà náà. Ayùn ti là á nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, àpá rẹ̀ sì yà bí ẹ̀ka igi. Ẹni tí kò kàwé, ìka ló fi ń tọwọ́ bọ̀wé.

"Mo fẹ́ kí àwọn àlejò rẹ̀ rí i," mo ní. "Mo fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín."

Ó gbé orí ẹja sílẹ̀. "Ohun tó ṣe fún ọ burú, mo sì ti sọ fún un. Ṣùgbọ́n bàbá mi ni. Bí o bá dójú tì í lójú àlejò lónìí, n kò ní fẹ́ dókítà, n kò sì ní fẹ́ ìwọ náà. Mo fẹ́ràn rẹ, Oníkùnsínú mi, ṣùgbọ́n mi ò ṣeré."

"Ṣé kí n dárí jì í ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Lójú àlejò ni mo wí."

Mùsíọ́mù ló kẹ́yìn. Mo tẹ̀ lé wọn wọlé. Tíṣà dúró ti ọkọ̀ dúdú náà, ó fẹ àyà.

"Ọgọ́fà ọdún! Ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó kan èyí, ọpọlọ rẹ̀ pé. Kì í ṣe irú àwọn òpè tó kàn ń fi ìṣó gún pákó lóde òní." Ó sì wò mí.

Ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi. Mo wo Agbọ́nmi. Kò bẹ̀ mí, ó kàn ń dúró. Mo ro ọdún mẹ́rìnlélógún. Mo tún ro bàtà kan tó kún fún omi.

"Tíṣà," mo ní jẹ́jẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ìjókòó iwájú."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, mo gbé àtàǹpàkò òsì mi lé etí ọkọ̀, níwájú imú rẹ̀ gan-an. Ó wò ó. Ó tún wo abẹ́ ìjókòó. Ojú rẹ̀ di eérú.

"Kí lẹ rí?" ìyá dókítà béèrè.

"Aláǹtakùn ni."

"Ṣé òun náà ti pé ọgọ́fà ọdún?" dókítà ní.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi ẹnì kan.

Tíṣà kọ ẹ̀yìn sí mi títí a fi dé èbúté. Èmi súfèé lọ ní tèmi. Odò kò tíì dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní ìrọ̀lẹ́ náà Agbọ́nmi sọ fún dókítà pé òun ti ní ẹni tí òun fẹ́. Dókítà kò bínú. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín méjì ló fi ránṣẹ́ sí wa nígbà tó yá.

Ní ọjọ́ kẹta, Tíṣà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó dúró sáàárín èérún igi.

"Mú ọmọ náà," ó ní, "kí o sì dákẹ́."

"Ọmọ yín kì í ṣe ohun tí a fi ń di ènìyàn lẹ́nu. Èmi àti òun ti sọ ọ̀rọ̀ wa tán. Ìwé ara ọkọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ yí padà. Ọwọ́ yín ni kí ẹ fi kọ òtítọ́."

"Wọn yóò fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ọmọ mẹ́rìnlélógójì ló fi mí rẹ́rìn-ín, Tíṣà. Mo ṣì mọ ojú wọn."

Ó jáde láìdágbére.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, kí ẹnikẹ́ni tó jẹun, mo kó gbogbo àlejò sínú ọkọ̀ mẹ́ta, ó di mùsíọ́mù. Ìwé tuntun ti wà lára ọkọ̀.

"Bàbá," mo ní lójú gbogbo wọn, "ẹ bá wa kà á sókè. Ẹ mọ̀ pé pákó ni orí mi."

Agbọ́nmi fi igbọ̀nwọ́ gún mi níhàá, ṣùgbọ́n kò dá mi dúró.

Tíṣà wọ awò ojú rẹ̀. "'Ọdún mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ló kàn án.'"

Ibẹ̀ ni ohun tí mo béèrè parí sí. Ṣùgbọ́n ìlà kan ṣì kù. Ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe.

"'Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́ lábẹ́ ìjókòó. Èmi olùkọ́ rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n kà.'"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú, ó sì fi ìka tọ àpá àtàǹpàkò náà.

"Ṣé ó ti tán nínú rẹ báyìí, olólùfẹ́ mi?"

"Ó ku díẹ̀."

Ọdún kẹfà rèé. Ní gbogbo àyájọ́ ọjọ́ náà, mo máa ń gbé bàbá ìyàwó mi lọ sí ilé oúnjẹ etí omi yẹn. Orí ẹja ni mo máa ń fún un, ó sì máa ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà n ó mú un lọ síwájú ọkọ̀ mi ní mùsíọ́mù, n ó ní kí ó bá mi ka ìwé ara rẹ̀.

Èmi náà lè kà á láìfi ìka tọ̀ ọ́ mọ́. Agbọ́nmi ti kọ́ mi. Ṣùgbọ́n láti ẹnu Tíṣà ló ti dùn mọ́ mi jù.