Oko Òdòdó Tí Kò Tanná

Inú poro oko òdòdó rẹ̀ ni wọ́n ti bá Eleuterio, ó dojú bolẹ̀, ọkọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Lábúlé wọn lókè ìpínlẹ̀ Tlaxcala, ọkùnrin tó jẹun àárọ̀ yó kì í kàn kú bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó sin ín, wọ́n ti dárúkọ ẹni tó pa á: Eufrosina, opó tí oko rẹ̀ bá tirẹ̀ pààlà.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan opó náà pọ̀. Kò bímọ. Kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Igi òdòdó funfun kan wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tó jẹ́ pé alẹ́ nìkan ló ń ta sánsán. Tòlótòló sì ni àwọn àjẹ́ ibẹ̀ máa ń dà lóru láti mu ẹ̀jẹ̀ ọmọdé. Eufrosina ń sin tòlótòló.

Melitona, ìyàwó olóògbé, ní kí àwọn ọmọ òun gbé gílóòbù ńlá kọ́ sórí òpó láàárín oko, kí wọ́n lè rí ẹyẹ burúkú náà bó bá tún wá. Alaalẹ́ ni iná náà ń tàn títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Ẹyẹ kankan ò wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí òdòdó oko yòókù ń rudi, ti Melitona kàn ń ga ni, ewé ṣáá. Ọ̀rọ̀ ńlá sì ni. Òdòdó aláwọ̀ oòrùn yìí ni wọ́n máa ń já wẹ́wẹ́ sílẹ̀ láti títì dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ àwọn òkú tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún. Òórùn rẹ̀ ni òkú ń tẹ̀ lé wálé wá jẹun. Àgbẹ̀ tó bá kú, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ni wọ́n fi ń pè é lọ́dún àkọ́kọ́.

Melitona ká Eufrosina mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú.

"Àjẹ́! O pa ọkọ mi tán, o tún dí ọ̀nà ilé mọ́ ọn!"

"Ìyáàfin Melitona, ẹnu rẹ ni àjẹ́ wà."

"Ṣé irọ́ ni? Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, tìrẹ ń rudi, tèmi ò rudi!"

Don Fidencio, olórí abúlé, wúkọ́. "Eufrosina, jọ̀ọ́, kó ẹrù rẹ kí ọjọ́ òkú tó dé. Kí gbogbo wa lè sinmi."

"Kí n kó o lọ síbo? Ibí ni wọ́n ri ìwọ́ mi mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lé mi, kó tẹ̀ lé mi lọ sóko Melitona ná!"

Wọ́n tẹ̀ lé e; ta ni kì í wo ìjà? Eufrosina ti rí ohun kan láti ẹ̀gbẹ́ ààlà, ṣùgbọ́n bó bá ṣì í rí, ó di aláìnílé nìyẹn. Ó kọjá lábẹ́ òpó, ó yí sẹ́yìn ahéré olókùúta tó wà ní ìkángun oko. Níbẹ̀, níbi tí ògiri ti ń ṣíji bo ilẹ̀, ìrudi kún orí òdòdó bámúbámú.

"Ẹ wò ó. Ibi tí iná yín ò dé rèé. Òdòdó yìí ń dúró de alẹ́ gígùn kó tó tanná. Ẹ̀yin lẹ gba alẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wá ń pè mí ní àjẹ́!"

"Oògùn lo lọ fi síbẹ̀," ni Melitona wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Eufrosina mú òkúta kan nílẹ̀, ó sọ ọ́, gílóòbù fọ́ yángá. "Bí kò bá tanná kí ọjọ́ òkú tó pé, èmi fúnra mi ni màá jáde nílé."

Ìdúró náà kò rọrùn. Wọ́n ń tutọ́ bó bá ń kọjá. Ẹnìkan gé igi òdòdó funfun rẹ̀ lulẹ̀. Eufrosina gún ẹ̀ka rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ibẹ̀ gan-an, ó bomi rin ín ní ìṣojú gbogbo wọn. Igi náà sì sọ ewé.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọjọ́ òkú pé, gbogbo oko Melitona tanná, ó ń dán yòò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Melitona wá kan ilẹ̀kùn, òdòdó kún apá rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ gbà á, tiyín ni."

Eufrosina ò na ọwọ́.

"Òkú là ń fún ní òdòdó yẹn. Èmi wà láàyè. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì lo ti pè mí ní àjẹ́. Ibẹ̀ ni kó o ti wá bẹ̀ mí."

Ó ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ òkú, bí gbogbo abúlé ṣe ń rọ́ lọ sí itẹ́ òkú, Melitona kúnlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ké pe Eufrosina pé òun purọ́ mọ́ ọn. Eufrosina dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó jẹ́ kí ẹni tó jìnnà jù gbọ́ ọ náà kó tó lọ gbé e dìde.