Mi-Ò-Gbà àti Ìró Kan Ṣoṣo

Ọmọbìnrin kékeré kan wà tí gbogbo ará ilé ń pè ní Mi-Ò-Gbà.

Bí wọ́n bá ní kó wá sùn, á ní, "Mi ò gbà." Bí wọ́n bá ní bàtà òsì ló wọ̀ sẹ́sẹ̀ ọ̀tún, á wo bàtà, á wo ẹsẹ̀, á ní, "Mi ò gbà."

Olórí kunkun ni. Ṣùgbọ́n kì í purọ́. Lọ́jọ́ tó fọ́ ife bàbá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ṣa àfọ́kù rẹ̀ wá.

Láàárọ̀ Sátidé kan, nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, Mi-Ò-Gbà tètè jí. Ó gbé yukulélé rẹ̀ kọ́rùn.

Yukulélé jọ gìtá, àmọ́ ó kéré sí gìtá. Okùn mẹ́rin péré ló ní.

Ìró kan ṣoṣo ni Mi-Ò-Gbà mọ̀ ọ́n ta. Á fi ìka kan tẹ okùn ìsàlẹ̀, á fi ọwọ́ kejì ta á. JAN-AN!

Ìró kan ni, àmọ́ ó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Òun àti bàbá rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, gbéra, ó di ibi àjọ̀dún àwọn tó ń fi yukulélé kọrin.

Háà, yukulélé pọ̀! Yàrá yìí, jin-jin-jin. Yàrá tọ̀hún, jan-jan-jan. Àwọn kan ń ta á lábẹ́ igi. Ẹnì kan ń ta á lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Tíṣà Onífìlà ló ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, lọ́mọdé lágbà: dókítà eyín kan, ìyá àgbà onígíláàsì kan, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan, àwọn mìíràn, àti Mi-Ò-Gbà. Fìlà rẹ̀ pupa, ó sì fẹ̀ bí àwo. Ó ní tó bá di ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn á jọ ta orin kan lórí pèpéle níwájú èrò.

Inú Mi-Ò-Gbà dùn ṣìnkìn.

Ìró mẹ́rin ló wà nínú orin náà. Èkíní, JAN-AN! Ti Mi-Ò-Gbà nìyẹn. Èkejì, jin-in. Ẹ̀kẹta, jọn-ọn. Ẹ̀kẹrin, jẹn-ẹn, ni ìró líle. Ìka mẹ́ta ló ń tẹ̀ ẹ́, ìka á sì lọ́ mọ́ra wọn bí okùn bàtà.

Lẹ́yìn rẹ̀, orin á padà sílé. JAN-AN!

Wọ́n dán an wò. JAN-AN! Jin-in. Jọn-ọn. Nígbà tó kan ìró líle... fín-ín. Orin náà rí tín-ín-rín.

Tíṣà tẹ́tí. Ó wo yàrá yíká. Gbogbo ọwọ́ ń lọ, gbogbo ọwọ́ ń bọ̀.

Àfi ọwọ́ Mi-Ò-Gbà. Ó gbé e lé orí.

Tíṣà bi í pé kí ló dé. Mi-Ò-Gbà ní òun ò mọ èyí, òun ń dúró de tòun ni.

Tíṣà ní ìyẹn ò le. Tó bá kan èyí tí kò mọ̀, kó kàn máa ju ọwọ́ síwá sẹ́yìn, kó má fi kan okùn.

"Kò sẹ́ni tó máa mọ̀," ni Tíṣà wí.

Mi-Ò-Gbà kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, torí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni.

"Ẹ má bínú, sà," ló wí. "Mi ò gbà. Èmi á mọ̀."

Dókítà eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ìyá àgbà onígíláàsì ń wo òrùlé. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì wúkọ́.

Inú Tíṣà ò dùn. Ó ní táwọn èrò bá rí ọmọ tó káwọ́ lérí, wọ́n á rò pé nǹkan ẹ̀ ló sọnù. Kó kúkú lọ jókòó, kó máa wòran.

Omi lé ròrò sójú Mi-Ò-Gbà. Ó fẹ́ gun pèpéle yẹn gan-an ni. Ó di yukulélé rẹ̀ mú pinpin.

"Mi ò gbà," ló wí.

Bàbá rẹ̀ bọ́ síwájú. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, torí abẹ́rẹ́ ló sábà máa ń wà lẹ́nu ẹ̀.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́," ló wí. "Ọmọ yìí kì í purọ́ fún mi nílé. Ẹ má jẹ́ kó wá kọ́ irọ́ pípa níbí."

Tíṣà họ orí lábẹ́ fìlà. Ó ní ó dáa, àmọ́ ẹ̀yìn pátápátá ni yóò dúró sí.

Ìrọ̀lẹ́ dé. Èrò pọ̀ lọ súà. Ẹ̀yìn dókítà eyín ni Mi-Ò-Gbà wà, dókítà sì ga bí òpó iná. Mi-Ò-Gbà ò rí èrò. Èrò ò rí i.

Ṣé ó gbà? Kò gbà. Ó fa àpótí kan, ó gun orí rẹ̀.

JAN-AN! Tirẹ̀ nìyẹn. Ó ta á tọkàntọkàn.

Jin-in. Ó gbé ọwọ́ lé orí.

Jọn-ọn. Ọwọ́ ṣì wà lórí.

Dókítà eyín bojú wẹ̀yìn. Ó rí ọmọ kékeré yìí tó dúró gbọin, tí ojú ò tì í. Ìró líle ń bọ̀. Dókítà mí kanlẹ̀, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà lé orí.

Ìyá àgbà onígíláàsì rí dókítà. Pá! Ọwọ́ lórí.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì rí ìyá àgbà. Pá! Ọwọ́ lórí.

Pá! Pá! Pá! Gbogbo ọwọ́ ti wà lórí.

Fín-ín. Tíṣà nìkan ló kù.

Àṣé láti àárọ̀, òun nìkan ló ń ta ìró líle. Gbogbo àwọn yòókù ń díbọ́n ni!

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà la ẹnu sílẹ̀. Orin dúró.

Ìró wo ló kàn? Ti Mi-Ò-Gbà ló kàn. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí.

JAN-AN!

Gbogbo wọn bá a ta á. JAN-AN-AN-AN! Pèpéle mì tìtì.

Tíṣà wá síbi àpótí Mi-Ò-Gbà. Ó ṣí fìlà. Òun náà gbé ọwọ́ lé orí.

"Mi ò mọ̀ pé wọn ò mọ̀ ọ́n," ló wí. "O ṣeun."

Lọ́jọ́ kejì, ìró líle nìkan ni Tíṣà fi kọ́ wọn. Dókítà eyín wá. Ìyá àgbà wá. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì wá. Mi-Ò-Gbà jókòó síwájú pátápátá.

Ìka kan. Ìka kejì. Ìka kẹta. Plọk.

Ó tún un ṣe. Plọk.

Ó tún un ṣe. Plọk.

Nígbà tó yá, àwọn èèyàn ti ń lọ sílé. Bàbá gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó ní ó tó báyìí, ìka ọmọ òun ti pọ́n.

Mi-Ò-Gbà wo ìka rẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀.

"Mi ò gbà," ló wí.

Bàbá sọ báàgì kalẹ̀, ó padà jókòó.

Ìka kan. Ìka kejì. Ìka kẹta.

JẸN-ẸN!