Ọgọ́ta Fọ́tò Iyanrìn

Àràmídé ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó dìde, ó yọjú lójú fèrèsé wo àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀ ilé wọn ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó tún padà sídìí kọ̀ǹpútà. Fọ́tò mìíràn, iyanrìn náà ni!

Iṣẹ́ tí Mr Faiz, tíṣà sáyẹ́ǹsì wọn, gbé fún wọn kò le, ó kàn ń súni ni. Wọ́n de kámẹ́rà káàkiri aṣálẹ̀ kan tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹranko, kí wọ́n lè mọ iye tó kù. Àwọn ọmọ yóò wo fọ́tò kọ̀ọ̀kan, wọn yóò kọ ohun tí wọ́n rí. Ẹni méjì tó bá kọ́kọ́ wo ọ̀ọ́dúnrún ni wọn yóò mú lọ sí aṣálẹ̀ náà nígbà ìsinmi. Àràmídé fẹ́ lọ débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́.

Ó ku ọgọ́ta. Fóònù dún. Keziah ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni: "Jayden ti parí o! Ó ku ogún péré fún èmi. Ìwọ ńkọ́?"

Àyà Àràmídé já. Ta ló máa mọ̀? Ó kọ "kò sí ẹranko" sí gbogbo ọgọ́ta láìṣí ẹyọ kan wò, ó fi ránṣẹ́. Mr Faiz dáhùn: "O káre! Ìwọ ni ẹnìkejì."

Kò pẹ́ tí Mummy rẹ̀ fi ti ibi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó dé. "Wọ́n ti lé Abọ́sẹ̀dé tá a jọ ń ṣiṣẹ́ o! Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti yẹ bàbá kan wò, kò dé yàrá wọn rárá! Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la ti bá bàbá olóore."

"Mummy, ṣé wọ́n kú ni?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ìbàdí wọn ló kán. Àràmídé, ohun tí ojú ò bá rí, kí ọwọ́ má kọ ọ́."

Ara Àràmídé ò balẹ̀ mọ́. Ó tan tẹlifíṣọ̀n, ó pa á. Nígbẹ̀yìn, ó kọ̀wé sí Mr Faiz: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, irọ́ ni mo pa. Mi ò wo ọgọ́ta tó gbẹ̀yìn."

"O ṣeun tó o jẹ́wọ́," ni ìdáhùn. "Ṣùgbọ́n Keziah ló máa lọ."

Ó sunkún, ó sunkún, ó sì rò ó fún Mummy. Lẹ́yìn náà ló wá ń ṣí ọgọ́ta náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Iyanrìn. Iyanrìn. Nígbà tó dé ìkọkànlélógójì, ó pariwo. Abo kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan rèé, ọmọ mẹ́ta tò tẹ̀ lé e.

Mummy sún mọ́ ọn, ó wò ó. "Áà! Ìyálọ́mọ yìí lo kọ pé kò sí?"

Ojú ti Àràmídé. Ó pa "kò sí" rẹ́, ó kọ mẹ́rin. Ẹni tó bá kọ ohun tí kò wò, ẹlòmíì ló ń kó sí wàhálà.