Ewé Kajú ní Oríta

Ó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ bí ẹni tí wọn kò retí níbì kankan láyé. Ohun tí Mọ̀ríámọ̀ kọ́kọ́ rí nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé náà, lójú ọ̀nà oko tó la àárín igi kajú kọjá lẹ́yìn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkùnrin gbọọrọ kan ló wà lórí kẹ̀kẹ́ ológeere pupa, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí jẹ́jẹ́, ó ń súfèé, ó sì ń wo orí igi kiri. Àárín ọ̀nà gan-an ló gbà.

Mọ̀ríámọ̀ náà wà lórí kẹ̀kẹ́, ògbólógbòó kan tí bàbá àgbà rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú. Aránṣọ ni ní Takie, ọmọ Alfa Hussein, gbogbo Sátidé ló sì máa ń gbé oúnjẹ lọ fún ìyá bàbá rẹ̀ lábà. Ó lu aago kẹ̀kẹ́ títí, ọkùnrin náà kò gbọ́.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ ti sùn lórí kẹ̀kẹ́ ni? Ẹ yà fún wa!"

Ọkùnrin náà ta gìrì, ó yà lóòótọ́, inú koríko ló yà sí, tòun ti kẹ̀kẹ́. Nígbà tó máa fi dìde, eruku ti bo irùngbọ̀n rẹ̀. Mọ̀ríámọ̀ fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ẹ̀rín kò jẹ́.

"Ẹ má bínú o. Níbo lẹ tiẹ̀ ń lọ?"

"Mi ò lọ síbì kankan."

"Ẹ̀n?"

"Mo kàn ń gun kẹ̀kẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ ni mò ń gbà."

Mọ̀ríámọ̀ wò ó tìyanu-tìyanu. Àtìgbà tó ti dáyé, kò rí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà oko tí kò lóko. Ọládépò lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́, ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ sólà ló gbé e wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní òun á sìn ín díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ló di gbogbo Sátidé.

Ìfẹ́ kì í sáà kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ọmọbìnrin tó ń fi eré dé abà tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró gbọ́ igbe àparò. Wọ́n á jókòó sábẹ́ igi, wọ́n á máa jẹ kajú, omi rẹ̀ á máa kán sí wọn láṣọ. Mọ̀ríámọ̀ kò mọ ọjọ́ tí "ẹ" di "o" lẹ́nu òun.

"Ọmọ ìgboro," á wí, "o ò mọ ewé iṣu yàtọ̀ sí ewé ẹ̀wà."

"Èmi mọ èyí tó wù mí, adúmáradán. Òun ló jókòó tì mí yìí."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dé etí Alfa Hussein. Ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Mo gbọ́ pé ọmọkùnrin kan ń bá ọ gun kẹ̀kẹ́. Níbo ló máa ń lọ?"

"Kì í lọ síbì kan, Bàbá. Afẹ́fẹ́ ló ń gbà."

"Ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ, ibo ni yóò mú ọmọ mi lọ?" Alfa mi orí. "Anas tó ń ta ìrẹsì ní Takie ti bi mí léèrè rẹ. Òun mọ ibi tó ń lọ."

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà láyé tí Alfa Hussein kì í já ní koro, ìyá tó bí i ni. Mọ̀ríámọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Ọládépò bá òun lọ kí Ìyá Àgbà lábà, nítorí bí ìyá bá ti gbà á lọ́kọ fún òun, ọ̀rọ̀ Anas parí.

"Tí o bá pẹ́, n óò ti ṣíwájú lọ dáná. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí lábà o. Tó o bá dé oríta, wo ewé tí mo bá fi sílẹ̀."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló tún kù? Lójú tirẹ̀, ta ni kò mọ ewé oríta?

Nígbà tó di Sátidé, táyà Ọládépò jò, ó sì pẹ́ lóòótọ́. Mọ̀ríámọ̀ ṣíwájú. Nígbà tó dé oríta, ó ṣẹ́ ẹ̀ka kajú tútù kan, ó fi dábùú ọ̀nà ọ̀tún tó lọ sí Ìkòyí-Ilé, ó sì gba ti òsì lọ sí abà. Bí bàbá àgbà rẹ̀ ti kọ́ ọ nìyẹn: ọ̀nà tí o kò bá gbà, fi ewé dí i fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ó gúnyán, ó se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ìyá Àgbà ti wé gèlè tó máa ń wé lọ́jọ́ ọdún, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Oòrùn kan àtàrí, ó yẹ̀, ẹnikẹ́ni kò wá. Nígbà tí iyán ti dì, Ìyá Àgbà tú gèlè rẹ̀, ó sì ká a. Ìtìjú mú Mọ̀ríámọ̀ débi pé kò lè wo ojú rẹ̀.

Bó ṣe wọ ìlú ni àtẹ̀jíṣẹ́ Ọládépò wọlé: "Mo tẹ̀lé ewé rẹ títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò rí ọ. Kí ló dé?"

Irọ́ burúkú! Bó bá tẹ̀lé ewé, báwo ni kò ṣe dé? Mọ̀ríámọ̀ fi omijé bùlọ́ọ̀kì nọ́ńbà rẹ̀. Ọládépò wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì, Mọ̀ríámọ̀ tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Nígbà tó yá, iṣẹ́ tó wá ṣe parí, ó padà sí Ọ̀yọ́.

Àárò wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Mọ̀ríámọ̀. Bí aago kẹ̀kẹ́ bá dún nítòsí ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Anas á wá kí bàbá rẹ̀, á mú ìrẹsì wá, Mọ̀ríámọ̀ á dúpẹ́, ọkàn rẹ̀ á wà lábẹ́ igi kajú. Ó bínú sí Ọládépò, ó sì tún ń fẹ́ ẹ. Èyí tó burú jù nínú méjèèjì, kò mọ̀ ọ́n.

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa nígbà tí Ìyá Àgbà bi í pé, "Ọmọ mi, o ti rù jù. Kí lọmọkùnrin ọjọ́ yẹn tiẹ̀ sọ?"

"Irọ́ ló pa, Ìyá. Ó lóun tẹ̀lé ewé títí, òun ò rí mi."

Ìyá Àgbà gbé ojú sókè. "Ọmọ ibo lo pè é?"

"Ọ̀yọ́. Ẹ̀yìn Akẹ̀sán."

Ni ìyá arúgbó bá bú sẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ gbá itan. "Ó tẹ̀lé e lóòótọ́! Ó rò pé ewé ń pe òun ni! Ọmọ ìgboro rí ewé tútù lójú ọ̀nà, ta ló sọ fún un pé dídí ni wọ́n fi dí i?"

Ẹnu Mọ̀ríámọ̀ là, kò lè pa á dé.

"Kò purọ́, ó ṣìnà ni," ni Ìyá Àgbà wí. "Ẹni tó bá sì ṣìnà, wíwá là ń wá a. A kì í tìlẹ̀kùn mọ́ ọn."

Mọ̀ríámọ̀ kò lè fi irú ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ lórí fóònù. Ó wọ bọ́ọ̀sì ní Takie, ó dé Ọ̀yọ́. Ní Akẹ̀sán, ó bèèrè Ọládépò oníṣẹ́ sólà, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n.

"Ó máa ń gun kẹ̀kẹ́."

"Háà! Èyí tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri tí kì í lọ síbì kan? Ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún."

Ó bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Kẹ̀kẹ́ pupa náà wà lára ògiri, táyà méjèèjì ti jò pọ̀, aláǹtakùn ti ta okùn sí i. Nígbà tí Mọ̀ríámọ̀ rí i, omi lé sí i lójú.

Ọládépò dìde, kò rẹ́rìn-ín. "Mo tẹ̀lé ewé, Mọ̀ríámọ̀. Mo dé Ìkòyí-Ilé. Ilé dé ilé ni mo bèèrè rẹ."

"Mo ti mọ̀, olówó orí mi. Ọ̀nà tí mi ò gbà ni mo fi ewé dí."

"Ewé ń dí ọ̀nà?" Ọládépò fọwọ́ lérí. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo rò pé gbogbo ayé ló mọ̀. Dárí jì mí. Mo fẹ́ ọ, àárò rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

Ọládépò gbé kẹ̀kẹ́ kúrò lára ògiri, ó ń wá ohun tí yóò fi fún táyà. Ìgbà náà ni Mọ̀ríámọ̀ tó mí kanlẹ̀.

Nígbà tí ẹbí Ọládépò wá tọrọ ìyàwó, Ìyá Àgbà jókòó ti ọmọ rẹ̀, gèlè ọdún wà lórí rẹ̀. Alfa Hussein kò gbàgbé ìbéèrè rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, níbo lò ń lọ gan-an?"

Ọládépò dọ̀bálẹ̀. "Ọ̀dọ̀ ọmọ yín ni, Bàbá. Gbogbo ọ̀nà tó kù, mo ti fi ewé dí i."

Ìyá Àgbà fi ìgbọ̀nwọ́ gún Alfa. "Hussein, o gbọ́ àbí o ò gbọ́?" Alfa fẹ́ lejú, ẹ̀rín já mọ́ ọn lẹ́nu. Lẹ́yìn Iléyá, wọ́n so yìgì.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, tọkọtaya náà gun kẹ̀kẹ́ lọ kí ìyá. Nígbà tí wọ́n dé oríta, Ọládépò sọ̀ kalẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ̀ka kajú, ó rọra fi dábùú ọ̀nà Ìkòyí-Ilé.

Mọ̀ríámọ̀ rẹ́rìn-ín. "Àwa méjèèjì la jọ wà níbí. Ta lò ń dí i fún?"

"Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa."

Mọ̀ríámọ̀ bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan lójú ọ̀nà. Ìgbà tó yí padà tó rí bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń wò ó ló tó yé e pé ọ̀rọ̀ ọmọ ló ń sọ.