Omi Ò Lọ, Àwa Náà Ò Lọ

Èmi ni Sìlífátù. Ọjọ́ Sátidé ni, mo sì ti wọ bàtà mi láti àárọ̀ kùtùkùtù.

Màmá wà ní Òwu-Ìsin, nílé ìyá tó bí i. Ọjọ́ kẹrin rèé tó bí àbúrò mi ọkùnrin síbẹ̀. Bàbá ti rí i. Gbogbo ará Òwu-Ìsin ti rí i. Èmi nìkan ni mi ò tíì rí i.

Bàbá ṣèlérí pé lónìí ni òun máa fi ọkọ̀ Pijó òun gbé mi lọ. Lọ́la, ó ń padà sí Èkó. Bí a ò bá lọ lónìí, ó di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko!

Kí ló dá wa dúró? Ẹ̀rọ ni o. Ẹ̀rọ afọbọ́.

Owó epo rọ̀bì ti dé, gbogbo ará Èkó ló ń ru ẹrù bọ̀ wá sí Òmù-Àrán. Àwọn kan ru tẹlifíṣọ̀n. Bàbá tèmi ru ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́. Ó ní ìyá òun, Ìyá Àgbà wa, ò ní fọ abọ́ mọ́ láyé.

Ẹ kó abọ́ sí i, ẹ pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé, á máa dún: wùù, wùù, wùù. Lánàá, ó fọ abọ́ mọ́ tónítóní. Gbogbo àdúgbò ló wá wò ó.

Láàárọ̀ yìí, Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló kó abọ́ sí i. Ẹ̀rọ dún wùù lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, kọ́ọ́ọ́. Ó dákẹ́.

Bàbá ṣí i. Omi dúdú dúró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Omi ò lọ. Àwa náà ò lọ.

Mo ní ká lọ ná, ká bọ̀ wá tún un ṣe. Bàbá ní rárá, òun ò lè fi omi ìdọ̀tí sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ tuntun. Mo bá jókòó sórí àpótí. Inú ń bí mi.

Bàbá yọ iná ẹ̀rọ náà. Ó ṣí ìwé tó bá a wá. Ó yí ìwé náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

Ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé lọ wo rọ́bà tí omi ń gbà jáde. Ewúrẹ́ Ìyá Àgbà ti dùbúlẹ̀ lé rọ́bà lórí, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Bàbá lé e. Mẹ̀ẹ̀ẹ̀! Mo dìde lórí àpótí mi.

Bàbá tan ẹ̀rọ. Wùù. Kọ́ọ́ọ́.

Omi ò lọ. Àwa náà ò lọ. Mo tún jókòó.

Bàbá ránṣẹ́ pe Búọ̀dá Àfísù, tó ń tún rédíò ṣe nítòsí mọ́ṣáláṣí. Búọ̀dá Àfísù gbá ẹ̀rọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́: gbà! Ó fẹnu fẹ́ rọ́bà: fùùù! Ó ní ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ló kú, kí Bàbá dá a padà sí Èkó. Bàbá fajú ro.

Omi ò lọ. Àwa náà ò lọ.

Oòrùn ti dé àtàrí. Ẹ gbà mí o! Ẹ̀rọ tó ní òun máa fọ abọ́, ọjọ́ mi ló ń fi ṣòfò.

Mo lọ bá Ìyá Àgbà nílé ìdáná. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń tú kànrìnkàn tuntun. Mo wo ara ògiri, níbi tó máa ń fi ti àtijọ́ kọ́ sí. Kò sí níbẹ̀.

"Ìyá Àgbà, kànrìnkàn yín àtijọ́ dà?"

"Mo fi sínú ẹ̀rọ bàbá rẹ," ó dá mi lóhùn. "Mo bu eérú díẹ̀ sí i. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí. Ta ló ń fọ abọ́ láìní kànrìnkàn?"

Mo béèrè ìdí tí kò fi sọ látàárọ̀.

"Ta ló bi mí?"

Bàbá ló máa ń sọ fún mi pé abèèrè kì í ṣìnà. Mo sáré lọ bá a, mo sọ ohun tí Ìyá Àgbà wí.

Bàbá tún yọ iná. A fi ife gbọ́n omi náà títí ó fi kù díẹ̀. Asẹ́ kékeré kan wà nísàlẹ̀. Ọwọ́ Bàbá tóbi, kò wọ ibẹ̀. Tèmi wọ ibẹ̀.

Mo fà á. Fọ́nrán kànrìnkàn! Mo tún fà á. Òmíràn! Mo fà á, mo fà á, mo fà á, títí ojú asẹ́ fi là.

Bàbá tan iná. Wùù, wùù, wùù. Mo di etí mi. Lẹ́yìnkùlé, ṣààààà!

Ìyá Àgbà kó abọ́ jáde, ó yẹ̀ wọ́n wò. Ó ní ó dáa. Ló bá fi kànrìnkàn tuntun fọ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan sí i.

A ò dúró wò ó. Omi lọ. Àwa náà lọ!

Ní Òwu-Ìsin, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ àbúrò mi tán ni. Ó kéré gan-an. Mo na ìka mi sí i, ìka tí òórùn eérú ṣì wà lára rẹ̀. Ó dì í mú, kò fi í sílẹ̀. Gbogbo ìbínú mi tán.

Bàbá gbà á lọ́wọ́ Màmá, ó gbé e sókè.

Ṣùùùù! Omi dà sí gbogbo bùbá Bàbá.

Mo ní, "Bàbá, tiẹ̀ ò dí o."