Abẹ Ọwọ́-Òwú

Ohùn àwo irin tí wọ́n fi ń pọ́n abẹ ni kò kúrò létí bàbá àgbà kan títí dòní. Bí dáyámọ́ńdì bá fara mọ́ àwo tó ń yí, tó sì gbà kí wọ́n pọ́n òun, á máa kùn bí oyin. Bí kò bá gbà, igbe ni yóò ké, tí eyín á fi máa kan gbogbo ará yàrá. Alágídí ni dáyámọ́ńdì, àmọ́ kò sí alágídí tí kò níbi tó ti rọ̀. Etí ni ẹni tó ń pọ́n ọn fi ń wá ibẹ̀.

Kíkùn yẹn ló gbọ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn yàrá àwọn tó ń pọ́n abẹ. Ọ̀dọ́ ni nígbà náà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí ó ga tẹ́ẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ fi ń kan àtẹ́rígbà. Yàrá ẹ̀rọ ló ti wá, níbi tí wọ́n ti ń fi abẹ dáyámọ́ńdì gé lẹ́ńsì ike fún kámẹ́rà. Abẹ ọwọ́ rẹ̀ ti ń fa ìlà sára lẹ́ńsì.

Ọmọbìnrin tó jókòó ti àwo kò wojú rẹ̀. Ó gba abẹ náà, ó tì í sábẹ́ awò ńlá tó ń sọ eruku di òkè.

"Kí lẹ fi nù ún?"

"Aṣọ ni. Ó mọ́ o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni."

"Ṣé ìkòkò lẹ pè é ni, ẹ̀gbọ́n? Ẹ má fi ohunkóhun kan etí rẹ̀ mọ́, àfi ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gé."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò bá a padà.

Ọwọ́-Òwú ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà, torí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ débi pé bó bá gbé abẹ lé àwo, ẹ ò ní mọ ìgbà tó kàn án. Lẹ́ńsì tí abẹ rẹ̀ bá gé, wọn kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún kó tó dán. Á ti jọ omi tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ sí. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ a gbé e sókè sí fèrèsé, a máa wò ó bí ẹni ń wo ojú ọmọ tuntun. Kò pẹ́ tó fi ń gbé abẹ tí kò ní àrùn kankan lọ fún un.

"Abẹ yìí ò kú," ni yóò wí. "Àbí ẹ̀yin lẹ kú?"

"Èmi ni, àyànfẹ́ mi. Bá mi pọ́n ara mi."

Bàbá Ọwọ́-Òwú ni olórí yàrá abẹ, kò sì fẹ́ rí ẹlẹ́rọ sójú. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni yàrá méjèèjì ti ń jà: bí lẹ́ńsì bá bàjẹ́, ẹlẹ́rọ á ní abẹ ló kú, ẹni tó pọ́n abẹ á ní ẹ̀rọ ló ń gbọ̀n. Nígbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá tọrọ ọmọ, bàbá bi í bóyá tí oúnjẹ bá jóná, tí ọmọ bá ń sunkún, ọmọ òun náà ni yóò máa jẹ̀bi.

"Ẹlẹ́rọ kì í mọ ẹ̀bi ara rẹ̀, ọmọ mi. Máa lọ."

Ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé lẹ́ńsì ńlá kan tí wọ́n fẹ́ fi máa wo ìràwọ̀ bàjẹ́ sórí ẹ̀rọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Yàrá méjèèjì pé jọ, ariwo sọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti fi awò wo abẹ náà. Ó ti rí i pé nígbà tí Ọwọ́-Òwú ń pọ́n ọn ni etí rẹ̀ ti fọ́. Ó wo Ọwọ́-Òwú, ó wo bàbá.

"Èmi ni, bàbá. Mi ò jẹ́ kí ẹ̀rọ móoru tó."

Ojú bàbá là. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ránṣẹ́ pé kí ó mú àwọn ẹbí rẹ̀ wá.

Àmọ́ Ọwọ́-Òwú náà ti wo abẹ. Ó dá a dúró nídìí ẹ̀rọ omi tí wọ́n ti ń fọwọ́, ó béèrè bóyá ó rí etí tó fọ́ náà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní òun rí i.

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ purọ́?"

"Nítorí mo fẹ́ràn rẹ ni."

"Bí ẹ ò bá lè sọ fún mi pé iṣẹ́ mi ò dáa, báwo ni mo ṣe máa gbà yín gbọ́ tẹ́ ẹ bá ní ó dáa? Gbogbo bẹ́ ẹ ṣe ń yìn mí látẹ̀yìnwá, èwo ni kí n mú níbẹ̀ báyìí?" Omi wà lójú rẹ̀. "Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lè sọ ọ́, ẹ wá mi wá."

Ọwọ́-Òwú fúnra rẹ̀ ló lọ ṣàlàyé fún bàbá. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tú ká.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kọjá sí ìlú òkèèrè, ó fẹ́yàwó, ìyàwó náà ṣaláìsí, irun rẹ̀ di funfun. Lẹ́ńsì ló ṣì ń gé. Abẹ Ọwọ́-Òwú ń dé ọ̀dọ̀ wọn níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un, lẹ́ńsì ló fi dá a mọ̀. Àwọn tó fi í ránṣẹ́ a sì béèrè bí abẹ náà ṣe rí, òun a fèsì pé ó dára. Òtítọ́ ni, àmọ́ òtítọ́ tó rọrùn láti sọ ni.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló máa ń pè é láti ilé. Ó ní Ọwọ́-Òwú kò lọ́kọ, pé ó ti bọ́ sípò bàbá rẹ̀ báyìí, àti pé kò sẹ́ni tó tó bá a wí níbi iṣẹ́ mọ́; yíyìn ṣáá ni wọ́n ń yìn ín.

Lọ́dún yìí, abẹ Ọwọ́-Òwú kan dé. Ó fa ìlà. Bàbá àgbà náà yẹ ẹ̀rọ wò, ó yẹ òróró wò, ó tún un wò. Ẹ̀rọ kọ́ ni. Ó gbé abẹ sábẹ́ awò, ó rí i pé etí rẹ̀ ti fọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ìyá àgbà sílẹ̀ jẹ́jẹ́," ni àbúrò rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ nígbà tó gbọ́ lórí fóònù. "Ẹ kúkú ní ẹ̀rọ yín ni."

Bàbá àgbà kọ lẹ́tà, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Nígbà tí oòrùn kan fèrèsé, ó fi ránṣẹ́:

"Ọwọ́-Òwú, abẹ tó dé kẹ́yìn yìí kò dára. Ẹ̀rọ mi kò gbọ̀n, mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ọwọ́ rẹ ni etí rẹ̀ lápá òsì ti fọ́. Ó jọ pé ojú rẹ ti ń ríran bàìbàì. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni abẹ tó dára jù tí mo lò láyé mi. Mi ò ní fi eléyìí rán ẹnikẹ́ni. Èmi fúnra mi ni mo ń gbé e bọ̀."